Ìmọ́lẹ̀ ni sólà ń jẹ, kì í ṣe ooru

Níbi ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n kan tún gbé e dé. Wọ́n ní: "Ẹ má fowó yín ṣòfò. Sólà ò wúlò lásìkò òjò. Tí oòrùn ò bá ti mú ganrínganrín, ẹ ó kàn máa wo pánẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé ni." Ni gbogbo ilé bá ń mirí.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná. Ooru tí ẹ̀ ń wá fún un yẹn, ọ̀tá rẹ̀ ni. Agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ìgbà tí ara rẹ̀ wà ní 25°C ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Fún 1°C kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, pánẹ́ẹ̀lì òde òní ń pàdánù nǹkan bíi 0.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, lórí páànù ilé wa, kò ṣòro kó gbóná dé 65°C. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ti bá ooru lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gba ìwé gbọ́, ẹ wá wo tèmi. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni mo ní, 400 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi fóònù ṣọ́ ohun tí wọ́n ń mú wá. Lóṣù kẹta, nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ̀ yan àgbàdo, mi ò rí ju 1,270 wáàtì lọ. Lóṣù kẹsàn-án, òjò dá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi ṣì ń kán létí òrùlé, ojú ọ̀run là, oòrùn yọjú. Mo wo fóònù: 1,510! Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ òjò ò dà bí ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò ní purọ́. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yúnìtì méjì péré ni mò ń rí dípò mẹ́fà, mo sì ń pa firísà. Ṣùgbọ́n gílóòbù, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù gbogbo ilé, méjì yẹn gbé e. Bándì A, ìpele àwọn tí owó iná wọn ga jù, ni àdúgbò wa. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé yúnìtì kan kọjá 200 náírà, ọjọ́ tó burú jù yẹn náà ṣì ń bá mi dín lé ní 400 náírà kù. Èwo ni òfò níbẹ̀? Ilé tó ń lo éésì tọ̀sán-tòru lè yàtọ̀; mi ò ní éésì.

Oòrùn tí Jámánì ń rí lọ́dún ò tó tiwa, yìnyín sì ń bọ́ lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iná wọn tó ń ti ara sólà wá.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ju òjò lọ ni eruku ọyẹ́. Lóṣù kìíní, yúnìtì mẹ́fà mi já wá sí mẹ́rin ààbọ̀, àfìgbà tí mo gbé àkàbà, tí mo fi àkísà àti omi nù wọ́n. Lásìkò òjò, òjò fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ wọ́n; ta ló ń gun àkàbà?

Ní ti sólà ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Pánẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n ní kó máa bọ́ bátìrì ńláńlá mẹ́rin, igi máńgòrò sì ń ṣíji bò wọ́n láti agogo méjì ọ̀sán. Bátìrì yẹn ò kún rí, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ìpàdé, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gé ẹ̀ka méjì péré kúrò lára igi náà.

Wọ́n ní máńgòrò yẹn máa ń so dáadáa.