Títì géètì kò lè dá onígbáméjì dúró

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Àbújá, tí wọ́n sì kéde pé onígbáméjì ti wọ ìlú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn ará wa máa ń sọ fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́ àánú: "Ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó yẹn mọ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti géètì wọn pa, kẹ́ ẹ má baà kó àrùn bá wọn." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Àsìkò Kòrónà lọ́dún 2020 ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ni ìyẹn ń bá rìn. Ti onígbáméjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló ń gbà wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kó bá.

Ẹ wo màmá kan tá à ń tọ́jú ní Nyanya. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, àwọn nìkan ló sì ń gbé yàrá wọn. Mẹ́ruwà ló ń da omi sínú dúrọ́ọ̀mù wọn lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ọ̀bù kan sì wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ará ilé fi ń bù ú. Bẹ́ ẹ bá ti géètì mọ́ wa, omi yẹn á ṣì wọlé láàárọ̀ ọ̀la. Omi tó mọ́ lójú sì lè ní kòkòrò nínú. Álúmù ń mú ìdọ̀tí walẹ̀ ni, kò ṣe é gbára lé láti pa kòkòrò.

Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn: omi. A ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ àti ìdérí fún màmá, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà wọ inú omi mímu mọ́. Wọ́n ń sè é títí á fi hó yaya, tàbí kí wọ́n fi oògùn omi sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Kẹ́tù àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, àlejò kankan ò sì gbọ́dọ̀ kọjá láìfọwọ́. Èyí kan àwa náà, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí kòkòrò yìí wọ̀ lára kì í ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ ó lè máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ 1 sí 10. Òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ á jókòó sílé, a ò sì ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Lójú tèmi, òfin yẹn ṣe pàtàkì ju ìbọ̀wọ́ lọ, torí ẹni tí ebi ń bà lẹ́rù á fi àìsàn pa mọ́.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù nípa géètì títì ni àkókò. Onígbáméjì tó le lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Àgbàlagbà kì í sì tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Lọ́dún 2021, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ka ẹni 111,062 tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà, 3,604 sì kú. Ìyẹn ju 3 lọ nínú 100. Níbi tí ìtọ́jú bá ti tètè dé, kì í tó 1. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pe màmá láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí wọn ò bá gbé fóònù, aládùúgbò tá a ti bá sọ̀rọ̀ á lọ kanlẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan tún ní kí á má fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lómi, pé omi ló ń fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á. ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, ló dáa jù. Bí kò bá sí, ẹ po síbí tíì ṣúgà 6 tẹ́ ẹ rẹ́ lójú àti ìdajì síbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi mímọ́, ìyẹn ike omi 50cl méjì. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pe NCDC lórí 6232, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ máa fún un mu nínú kẹ̀kẹ́. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.