Bí NEPA Bá Mú Iná, Èrò Rólà Kósítà Kò Ní Já Bọ́

"Tí NEPA bá mú iná nígbà tí wọ́n dorí kodò ńkọ́? Gbogbo wọn á já lulẹ̀ ni!" Bàbá kan ló tún sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà níbí ní Iléṣà, bí wọ́n ṣe ń wo fídíò rólà kósítà, ọkọ̀ ìgbádùn tó ń sáré gun òkè-sọ̀kalẹ̀ lórí irin, lórí fóònù. Gbogbo ilé ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ pàápàá. Iná tí kì í dúró lọ́dọ̀ wa ló ń bà wá lẹ́rù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yẹn kò ní ẹ́ńjìnnì. Ṣéènì tí iná ń yí ló ń fà á gun òkè àkọ́kọ́, èyí tó ga ju ìyókù lọ. Tó bá ti dé góńgó, ṣéènì á fi í sílẹ̀. Eré tó bá kó bọ̀ láti òkè yẹn ló fi ń gun èyí tó kàn, òun ló fi ń dorí kodò, òun náà ló sì ń tẹ èrò mọ́ ìjókòó níbẹ̀. Ṣé ẹ ò rí àwọn ọlọ́kadà tó ń pa ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kí epo má baà jó? Ṣé ọ̀kadà wọn ń dúró ni? Wíìlì ọkọ̀ náà tún wà lórí irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀, kò síbi tó fẹ́ yọ sí. Revolution, rólà kósítà kan ní Kalifóníà, ti ń yí èrò po báyìí láti 1976.

Mo gun ọ̀kan nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlú Ọba. Bó ṣe ń gòkè, "kà-kà-kà" ni mò ń gbọ́ lábẹ́ ìdí mi: eyín irin ni, tó ń há kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Tí iná bá lọ níbẹ̀, eyín yẹn á gbá a mú, òṣìṣẹ́ á gba àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ irin gòkè wá kó èrò sọ̀ kalẹ̀. Bí a ṣe kọjá góńgó báyìí, ariwo náà dákẹ́, n kò sì gbọ́ ọ mọ́ títí a fi dé ìsàlẹ̀. Bíréèkì tó dá wa dúró ńkọ́? Èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì kò nílò iná rárá.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi agbára ta síwájú láìsí ṣéènì. Kingda Ka ní New Jersey, tó ga ní mítà 139 kí wọ́n tó wó o ní 2025, máa ń kùnà nígbà mìíràn láti dé góńgó. Ẹ̀yìn ló máa ń yí padà sí, bíréèkì á mú un, wọ́n á sì tún un ta.