Ta ló ní dandan ni kí tteokbokki ta lẹ́nu?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wo eré Kòríà ló gbà pé oúnjẹ Kòríà tó ń jẹ́ tteokbokki, bí kò bá pupa fòò, tí kò sì jóni lẹ́nu, ayédèrú ni. Ẹni tí inú rẹ̀ kì í gba ata á kàn yẹra fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ oúnjẹ náà gan-an ò mẹ́nu ba ata: tteok ni ìrẹsì tí wọ́n sè, tí wọ́n gún títí tó fi ń fà, tí wọ́n wá yí gbọọrọ bí ìka ọwọ́, bokki sì ni pé kí èèyàn dín nǹkan nínú páànù.

Ìwé ìdáná kan láti ìparí ọ̀rúndún 19 ní Kòríà to ohun tó ń wọ inú rẹ̀: ẹran màlúù, òróró yànmọ̀tí, àti ganjang, ìyẹn omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Èyí tó pupa, tó ní gochujang (ata Kòríà tó ki, tí wọ́n jẹ́ kó kan) nínú, ọdún 1953 ni wọ́n sábà máa ń dá a sí, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ma Bok-rim ní àdúgbò Sindang-dong, ní Seoul. Àbúrò ni aláta. Èyí tí kò lata lẹ̀gbọ́n. Títí dòní, ní ọjà Tongin ní Seoul, wọ́n ń dín oríṣi méjèèjì fún oníbàárà, aláta àti oníganjang.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn á kàn dín gochujang kù. Ata lílọ̀ wà nínú gochujang fúnra rẹ̀, nítorí náà, bẹ́ ẹ bá dín in kù, adùn rẹ̀ á lọ, ọbẹ̀ á ṣàn bí omi, á sì ṣì máa ta. Oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní tteokbokki rose náà ń fi àwọ̀ tan èèyàn jẹ: lóòótọ́ ni wàrà pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gochujang ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Fún ẹni méjì: tteok 400 gíráàmù, ẹran màlúù 120 gíráàmù tẹ́ ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́, olú shiitake gbígbẹ 3, kárọ́ọ̀tì kékeré 1, àlùbọ́sà ìlàjì. Ẹ rẹ olú náà sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan fún wákàtí kan. Ẹ má da omi náà nù o, òun ni adùn ọbẹ̀ yìí. Ẹ fi ganjang ṣíbí ìjẹun 1, ṣúgà ṣíbí tíì 1 àti aáyù gígún pa ẹran lára fún ìṣẹ́jú 15.

Ibi tí oúnjẹ yìí ti sábà máa ń bà jẹ́ ni tteok fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe iyán tó sùn ló ń ṣe tteok inú fìríìjì: sítáàṣì inú rẹ̀ á dì, á sì le. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sínú páànù bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á là, á máa yọ́, àárín rẹ̀ á ṣì le gbagidi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 20 (30 fún èyí tó dì bíi yìnyín), kẹ́ ẹ wá bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ẹ tẹ ọ̀kan wò: bí ìka bá wọlé, tí ojú ibẹ̀ sì padà dìde, ó ti tó. Ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fi òróró yànmọ̀tí ṣíbí tíì 2 pa á lójú ẹsẹ̀, kó má bàa lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ dín ẹran lórí iná líle fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ da àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti olú sí i fún ìṣẹ́jú 2 sí i. Ẹ wá da tteok sí i, ganjang ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀, oyin ṣíbí ìjẹun 1, àti omi olú 150 mìlílítà. Ẹ dín iná kù níbí, torí oyin máa ń jó, á sì korò, kí tteok tó fa ọbẹ̀ mu. Láàárín ìṣẹ́jú 5, ọbẹ̀ á ki, á máa dán lára tteok. Bó bá tètè gbẹ, omi ni kẹ́ ẹ fi kún un. Ganjang á sọ ọ́ di iyọ̀. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó ta òróró yànmọ̀tí díẹ̀ lé e, torí ooru máa ń lé òórùn dídùn rẹ̀ lọ.

Tteok tí wọ́n fi ìrẹsì lílẹ̀ (chapssal) ṣe á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ti mepssal, ìyẹn ìrẹsì tí kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ fún ọmọdé àti àgbàlagbà, torí ó lè há èèyàn lọ́fun.

Ẹni tí kò fẹ́ dídín, tteokguk wà, ọbẹ̀ ọdún tuntun Seollal, tí wọ́n ń fi omi ẹran àti tteok pẹlẹbẹ sè. Bí tteok bá ti léfòó, ẹ tètè bù ú: bó bá pẹ́ nínú ìkòkò, á fa omi tán, á wú, á sì rọ̀ jù.