Búrẹ́dì Ọjọ́ Mọ́kànlá

Ìyá Tánwá: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo nǹkan. Búrẹ́dì inú ọ̀rá kan tí mo rà, mo gbàgbé ìdajì rẹ̀ sórí fìríìjì. Ọjọ́ kọkànlá rèé: kò bu, kò rùn, etí rẹ̀ nìkan ló gbẹ. Kí ni wọ́n pò mọ́ ọn? Láti òní lọ, oúnjẹ oníkẹ́míkà ò wọlé mi mọ́. Búrẹ́dì o, ẹlẹ́rìndòdò o, tòmátì alágolo o. Ẹ̀wà, gàrí àti ẹ̀fọ́ ọjà la ó máa jẹ. Ta ló ń bá mi lọ?

Alákàrà Gbígbóná: Mo wà lẹ́yìn yín, mọ́mì. Láyé ìyá mi àgbà, ta ló mọ kẹ́míkà?

Bàbá Oníbúrẹ́dì: Ẹ kú ìrònú o, Ìyá Tánwá, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń po ìyẹ̀fun. Búrẹ́dì tí n ò bá fi nǹkan sí, tó bá di àsìkò òjò, ọjọ́ kẹrin ni ìdí rẹ̀ á ti máa yọ irun. Oníṣọ́ọ̀bù á kó o padà, á ní kí n san owó òun. Calcium propionate, èròjà tí kì í jẹ́ kí búrẹ́dì tètè bu, ni mò ń lò, orí ìwọ̀n ni mo sì ń gbé e lé: nǹkan bí gíráàmù 150 fún àpò ìyẹ̀fun kílò 50. Mo kọ ọ́ sára ọ̀rá, mi ò fi pa mọ́.

Délé Peckham: Ẹ̀gbọ́n, bromate tí ẹ̀ ń fi sí i ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ ìyẹn.

Bàbá Oníbúrẹ́dì: Èmi kọ́ o. Bi àwọn tó ń fi sí i.

Àbíkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí. Bromate kì í dènà bíbu rárá. Wíwú ló wà fún, kí búrẹ́dì lè fẹ̀ kó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Òun ló fa jẹjẹrẹ lára eku tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò, òun náà ni NAFDAC fòfin dè ní 2003, láyé Dora Akunyili. Propionate yàtọ̀. Bùrọ̀dá Délé, ẹ yí ọ̀rá búrẹ́dì tó wà ní kíṣìnì yín ní London wò. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà E282, calcium propionate náà nìyẹn.

Délé Peckham: Mo yí i wò. Ó wà níbẹ̀. Mo panu mọ́.

Àbíkẹ́: Ìyá Tánwá, ẹ má bínú sí mi o. Ní tèmi, búrẹ́dì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀wà tí ẹ ní ẹ ó sá lọ bá ni. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò ni. Ẹ ò sì ní rí i kà níbì kankan, torí inú kóńgò ni wọ́n ti ń wọn ẹ̀wà fún yín.

Ẹlẹ́wà Olóyin: Ojú mi ló ṣe. Ẹ̀wà ni mò ń tà. Tí kòkòrò bá ti mú àpò kan, ìyẹ̀fun àti ihò ló máa kù síbẹ̀, owó ti wọgbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wọ́n ọtapiapia sí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n tú àpò kan lójú mi, òórùn lásán ni o, gbogbo wa ń sunkún. Wọ́n sì tà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú! Àpò PICS lèmi ń lò báyìí: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun níta. Ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin lọ́tọ̀. Kòkòrò tó wà nínú á lo atẹ́gùn ibẹ̀ tán, á kú síbẹ̀. Àmọ́ bí eku bá gé ọ̀rá náà pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Alákàrà Gbígbóná: Ata gbígbẹ ni ìyá mi àgbà máa ń kó sínú ẹ̀wà tiwọn.

Ẹlẹ́wà Olóyin: Ìyẹn dáa fún kóńgò méjì nínú ike ilé. Ogún àpò ńkọ́? Ata mélòó lẹ fẹ́ rà?

Ìyá Tánwá: Ẹ jẹ́ kí n mí. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n fi nǹkan sí?

Ẹlẹ́wà Olóyin: Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ nimú ń mú. Tí mo bá ń rà fún ilé, èyí tí kòkòrò ti lu díẹ̀ ni mo máa ń mú. Tí kòkòrò bá jẹ ẹ́ tí ò kú, ọmọ mi náà á jẹ ẹ́.

Àbíkẹ́: Kì í ṣe ẹ̀rí o, àǹtí. Kòkòrò tuntun lè wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí oògùn ti rá.

Bàbá Oníbúrẹ́dì: Ìyá Tánwá, búrẹ́dì ọjọ́ mọ́kànlá yẹn dà?

Ìyá Tánwá: Mo ti dà á fún adìyẹ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń wò mí lójú.