Ẹ Kọ́ Ilé Ìyọ́rin sí Àkúrẹ́ Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀ Iná Núkílíà

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé kalẹ̀ sórí tábìlì wa kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀lékè lọ. Irin ni, ó ń dán, orí rẹ̀ sì wú díẹ̀ bí àkàrà. Ìgbà márùn-ún ni ó ti yọ́ ọ nínú ààrò tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ó ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí ó tó tún un yọ́, kí oríṣi irin márààrún tí ó dà pọ̀ síbẹ̀ lè wọnú ara wọn délẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó fi í ránṣẹ́ sókè òkun, ó sì dúró fún oṣù méje kí wọ́n tó bá a wo inú rẹ̀, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí a kò ní dárúkọ, kò ní ẹ̀rọ tí ó lè fi wò ó.

Láti ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ ẹwìrì, ohun kan ṣoṣo ní í máa ń jẹ́ onílé nínú irin, àwọn yòókù a sì jẹ́ àlejò. Bàbà ni onílé nínú idẹ. Nínú irin tí a fi ń ṣe ọ̀kọ́ àti àdá, èédú tó wà níbẹ̀ kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Ní ọdún 2004 ni Jien-Wei Yeh ní Taiwan àti Brian Cantor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀, tẹ iṣẹ́ tí ó yí àṣà yìí padà jáde. Wọ́n da oríṣi irin márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó dọ́gba tàbí tí ó sún mọ́ra, tí kò fi sí èyí tó lè pe ara rẹ̀ ní onílé. Kírómíọ̀mù, máńgáníìsì, irin gan-an (iron), kóbáàtì àti níkẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ti Cantor. High-entropy alloy ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Irin àpapọ̀ ni àwa yóò pè é, bí ìjọba àpapọ̀, àfi pé nínú irin yìí, ìpín dọ́gba lóòótọ́.

Nínú ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà, omi tó ń yí ká inú ẹ̀rọ a máa gbóná tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́sì, bẹ́ẹ̀ ooru nìkan kọ́ ni irin ń bá jà níbẹ̀. Nútírọ́ọ̀nù, ohun bíńtín tó ń fò jáde lára epo núkílíà, ń lu àwọn átọ́ọ̀mù inú irin láìsinmi, ó ń lé wọn kúrò ní àyè wọn. Àyè tó ṣófo á para pọ̀ di ihò kéékèèké, irin á wú, kò ní lè tẹ̀ mọ́, á wá máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n nínú irin àpapọ̀, átọ́ọ̀mù ńlá àti kékeré ló há mọ́ra, ọ̀nà ibẹ̀ rí gbágungbàgun, èyí tí wọ́n bá sì lé kúrò kì í sábà rìn jìnnà kí ó tó padà sí àyè tó ṣófo. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn da tungsten, tantalum, kírómíọ̀mù àti vanadium pọ̀ (mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n irin àpapọ̀ ni wọ́n ka òun náà sí), wọ́n fi ìtànṣán lù ú, líle rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹni tó bá rántí jàǹbá ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà Fukushima ní Japan ní 2011 mọ ìdí tí irin tó lè fara da inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì: zirconium tí wọ́n fi bo epo núkílíà ló bá omi tó ti di èéfín pàdé nínú ooru àràmàǹdà, háídírójìn tú jáde, ilé sì bú gbàmù.

A kò ní ta ọjà yìí ju iye rẹ̀ lọ. Bí nútírọ́ọ̀nù bá lu kóbáàtì inú irin Cantor, yóò di Cobalt-60, ìtànṣán rẹ̀ burú, ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀ ni yóò sì gbà kí ó tó dín sí ìdajì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá àdàpọ̀ tí kò ní kóbáàtì fún iṣẹ́ núkílíà, inú yàrá ìwádìí ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sì wà títí di òní. Àkókò tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí yìí gan-an ni ó yẹ kí a bá wọn jókòó.

Orílẹ̀-èdè tí ó ṣe òfin àjọ agbára átọ́míìkì ní 1976, tí ó sì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Rosatom, ilé-iṣẹ́ núkílíà ìjọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní 2017 lórí kíkọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà, kò gbọdọ̀ jẹ́ òǹrajà tí kò mọ irin tí wọ́n ń tà fún un. Ẹ̀rọ núkílíà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ní Zaria láti 2004 dára fún ìwádìí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó láti fi lu irin títí yóò fi bàjẹ́. FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka ìmọ̀ irin, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì ti wà lára àwọn tó kọ àyẹ̀wò lórí irin àpapọ̀ yìí ní 2016. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà nílé.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ TETFund, àjọ tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó, àti ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Alágbàká, jọ kọ́ ilé ìyọ́rin kan sí Àkúrẹ́, pẹ̀lú ààrò, ẹ̀rọ awohun-kékeré tó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti iná sólà tirẹ̀, kí olùwádìí láti Ifẹ̀, Òkìtìpupa tàbí Zaria lè wá lò ó. A ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ lówùúrọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá bò nírọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí mọ́ láti ìgbà náà, nítorí pé gíláàsì kan fọ́, kò sì sí owó tí wọ́n yóò fi rà òmíràn.

Àwọn kan yóò ní kí ni iná núkílíà já mọ́ fún ẹni tí kò rí iná lo nílé. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò wo irin àpapọ̀ náà ni yóò sọ ìdí tí omi iyọ̀ fi ń jẹ páìpù ní Ìlàjẹ, òun náà ni yóò sọ irú irin tí yanrìn inú bítúmẹ́ẹ̀nì Agbábù kò ní tètè họ. Ní ìpínlẹ̀ tí ìlú Oǹdó ti ń ṣe ọdún Ògún, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ irin ṣòro láti gbé wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Bí àbá ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ bá dé iwájú ilé ìgbìmọ̀, kí àwọn aṣojú wa wò bóyá ilé náà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wò bóyá owó gáàsì ágọ́ọ̀nù tí ààrò ń lò àti owó oṣù ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe wà pẹ̀lú rẹ̀.