POP kọ́ ló ń gbẹ omi ara ògiri

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ẹni tó bá ń kánjú àtikó wọ ilé tuntun lè kùn ún lọ́dà ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n rẹ́ ògiri tán, pé POP, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti fi mú ojú ògiri dán, tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi fá a ni yóò fa omi inú rẹ̀ mu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ojú ògiri lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Nǹkan bí ọjọ́ 28 la máa ń fún sìmẹ́ńtì kó tó le dáadáa. A tiẹ̀ tún ń wọ́n omi sí i lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kó má baà sán. Bí ẹ bá fi ọ̀dà bò ó láìpé ọjọ́, omi yẹn á wá ọ̀nà jáde, á kó iyọ̀ funfun wá sójú, ọ̀dà á wú, á sì máa bó. Ọ̀dà elépo tó ń dán ló burú jù, torí èròjà líle inú sìmẹ́ńtì tuntun máa ń ba epo rẹ̀ jẹ́.

POP ńkọ́? Omi gan-an lọ̀tá rẹ̀! Ẹ fi fá balùwẹ̀, ẹ óo rí i bó ṣe máa rọ̀. Táìsì ló yẹ ibẹ̀, kí ti ilẹ̀ má jẹ́ èyí tó ń yọ̀. Omi tó ń gun ògiri láti ilẹ̀, láti ìgbà ìpìlẹ̀ la ti ń fi ọ̀rá DPC dènà rẹ̀.

Lásìkò òjò, ẹ tún fi kún ọjọ́ náà. Èmi náà kánjú rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun pálọ̀ mi.