Ìṣirò Tí Kò Ka Ìbúgbàù Kejì

Nínú àwọn ohun ìjà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 láti tà fún Nàìjíríà, tí owó wọn tó mílíọ̀nù 346 dọ́là, àdó olóró tó 1,000 wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 500 pọ́n-ùn. Ìwé ìròyìn yìí kò sọ pé kí àwọn ọmọ ogun wa má ní ohun tí wọn yóò fi kojú afẹ̀míṣòfò. Ohun tí a ti ń bèèrè láti ìgbà tí àwọn ológun wa ti ju àdó olóró lu àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní ọdún 2023 náà ni a tún ń bèèrè: ta ní ń ṣírò ohun tí àdó olóró yóò wó kí wọ́n tó jù ú, kí ni ó fi ń ṣírò rẹ̀, kí ló sì dé tí a kì í rí ìṣirò ọ̀hún lẹ́yìn tí a bá sin òkú tán?

Ètò kọ̀ǹpútà wà fún iṣẹ́ yìí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń lò ó. Wọn yóò sọ irú àdó olóró tí wọ́n fẹ́ lò fún un, ìhà tí yóò gbà wọlé, bóyá orí òrùlé ni yóò ti bú tàbí ìgbà tó bá wọnú ilé tán, ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà àti iye àjà tó ní. Òun náà yóò sì fi hàn wọ́n lórí àwòrán ilẹ̀ bí ògiri yóò ṣe wó jìnnà tó àti ibi tí àfọ́kù irin yóò fò dé. Ó wúlò, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí àwọn ọ̀gá ológun ibẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2012 sọ ọ́ láìfi bò pé ìṣirò yìí kò ka ìbúgbàù kejì, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àdó olóró bá kan ohun ìjà tàbí epo tí wọ́n kó pamọ́. Kò sì ka ẹni tó kàn ń kọjá lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní Hawija, ní Ìráàkì, ibi tí àwọn afẹ̀míṣòfò ISIS ti ń to àdó olóró sínú ọkọ̀ ni bàálù ogun Nẹ́dálándì lọ fọ́ lóru ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ohun tí wọ́n ṣírò ni pé ará ìlú kankan kò ní kú. Ohun tó wà nínú ilé náà bú, àdúgbò wó, ó kéré tán ènìyàn 70 ló kú, ìjọba Nẹ́dálándì kò sì jẹ́wọ́ títí di oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ní Mosul, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2017, àdó olóró kan ṣoṣo, oní-500 pọ́n-ùn bíi ti àwọn tí à ń rà yìí, ni Amẹ́ríkà jù lu ayìnbọn méjì tó lúgọ sí ilé kan. Ènìyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ìwádìí tí àwọn fúnra wọn ṣe sọ pé àdó olóró náà nìkan kò lè wó ilé yẹn, pé ohun abúgbàù tí ọ̀tá kó síbẹ̀ ló wó o. Nídìí ìṣirò, ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi.

Àwáwí yìí náà ni wọ́n gbé wá fún wa. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2024, ènìyàn 10 kú ní Gidan Sama àti Rumtuwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Silame ní Sókótó, agbẹnusọ àwọn ológun sì ní ìbúgbàù kejì ló pa wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fa àkọ́kọ́? Ibùdó àwọn afẹ̀míṣòfò Lakurawa ni ẹ̀yin fúnra yín ní ẹ lọ fọ́. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀tù ló wà nínú yàrá kò lè sọ iná sí i, kó wá wí fún wa pé ẹ̀tù ló jó ilé.

Kí àwọn àdó olóró wọ̀nyí tó gúnlẹ̀, ó yẹ kí mínísítà ètò ààbò dúró níwájú àwọn aṣòfin, kó sọ bóyá irú ètò ìṣirò yìí wà nínú ohun tí à ń rà, àwọn wo ni wọ́n kọ́ láti lò ó, àti bóyá ó mọ bí ilé alámọ̀ abúlé Sókótó ṣe ń wó. Kí ó sì pa á láṣẹ pé níbikíbi tí a bá ti fura pé ohun ìjà wà nílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà pé ìbúgbàù kejì yóò wáyé, kí wọ́n sì mọ iye ilé tó wà ní tòsí kí awakọ̀ bàálù tó gbéra. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Àṣírí wo? Ìwé ìlànà Amẹ́ríkà tí a mẹ́nu bà lókè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ilé-ìwé girama lè kà á. Ìṣirò tiwa ni a kò rí. Kí wọ́n fi ti Silame bẹ̀rẹ̀.